Igba Ikú Ọ̀gá Oyèníran

Bí ẹsẹ̀ bá gbé yín dé ojú ọ̀nà tó ti Ẹgbẹ́dá lọ sí Ìdímù, ẹ má wulẹ̀ bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí Ilé-ìwé Girama Ọgbọ́n-Ń-Tàn wà. Ẹ ṣáà máa wo ara ògiri. Níbi tí ẹ bá ti rí àwòrán ọkùnrin kan tó wọ awò ojú, tó na ìka sókè bí ẹni tó ń júwe ibi tó yẹ kí oòrùn dúró sí fún un, ẹ ti débẹ̀. Orúkọ ilé-ìwé wà lábẹ́ bàtà ọkùnrin náà ní lẹ́tà tín-ín-tìn-ín. Orúkọ ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ gba gbogbo ògiri, ó yí igun, ó sì parí sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní. Wọn ò tíì rí ọ̀dà tí yóò pa á rẹ́ tán.

Ọ̀gbẹ́ni Ebenezer Oyèníran ni. Òun ni ọ̀gá ilé-ìwé náà nígbà tí ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀. Mo ní nígbà tó bẹ̀rẹ̀ o, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ kí i níbẹ̀ lónìí kó má bá a, kó wá pè mí ní òpùrọ́.

Láàárọ̀, kí wọ́n tó gbàdúrà, kí wọ́n tó kọ orin orílẹ̀-èdè, àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ki ọ̀gá. Oríkì méje ló ṣe fúnra rẹ̀, kò sì sí èyí tí ìyá rẹ̀ mọ̀ nínú wọn. Òkè Ìmọ̀. Ìwé-tó-ń-rìn. Alákọ̀wé tí í dẹ́rù ba gègé. Kìnnìún yàrá ìkàwé. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyókù sílẹ̀, nítorí oúnjẹ wà níkùn yín. Ẹ̀yìn aṣọ fèrèsé ọ́fíìsì ni yóò dúró sí, yóò máa kà á lórí ìka. Bí ohùn àwọn ọmọ bá rẹlẹ̀ níbi ìkarùn-ún, wọn ó padà sí ti kìn-ín-ní. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Keje, ẹnì kan sín níbi oríkì kẹfà, òjò sì ń rọ̀. Orí ìlà yẹn ni wọ́n wà títí agogo iṣẹ́ kẹta fi lù.

Ẹni tó ń gbé oríkì náà síta ni Ọ̀gbẹ́ni Jàfárù, igbákejì ọ̀gá. Iṣẹ́ Jàfárù ní ilé-ìwé náà kò ju ẹ̀rín lọ. Ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú àwàdà ọ̀gá ni, nígbà mìíràn ọ̀gá kò tíì pinnu pé àwàdà lòun fẹ́ ṣe. Bí ọ̀gá bá wúkọ́, Jàfárù á ní ikọ́ náà kún fún ẹ̀kọ́.

Gbogbo èyí ò tó Oyèníran. Ohun kan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, ipò Alábòójútó Àgbà fún gbogbo ilé-ìwé girama láti Ìkòtún dé Ìpájà. Ẹni tó wà níbẹ̀ fẹ́ fẹ̀yìn tì. Oyèníran ti lọ kí baba náà lẹ́ẹ̀mẹrin, àga tó wà ní ọ́fíìsì rẹ̀ ló sì ń lọ kí. Àga aláwọ ni, ó máa ń yí po. Nígbà tí baba jáde lọ tọ̀, Oyèníran jókòó lé e, ó yí i lẹ́ẹ̀kan sápá ọ̀tún, lẹ́ẹ̀kan sápá òsì, ó sì rí i pé ó bá ìdí òun mu. Láti ọjọ́ náà, oorun rẹ̀ ò dúró mọ́.

Ìgbà tí ìròyìn ìdánwò tuntun dé ni ara rẹ̀ wá yá gágá. Igbìmọ̀ tó ń rí sí ìwé kíkà àti ìwé kíkọ ní ẹkùn náà ní àwọn yóò fi ìdánwò kan náà dán àwọn ọmọ SS2 ní gbogbo ilé-ìwé wò. Ọ̀gá tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ṣe dáadáa jù ni àwọn yóò fi sí ipò Alábòójútó.

Ó pe gbogbo olùkọ́ jọ. Ó dìde, ó tún agbádá ṣe léjìká, ó yọ awò ojú, ó tún wọ̀ ọ́.

"Ẹ̀yin ọmọ-ẹ̀yìn mi nínú oko ìmọ̀," ni ó wí, "ìdánwò ń bọ̀. Àwọn òpè yóò ní ìdánwò àwọn ọmọ ni. Rárá o. Ìdánwò mi ni. Kí ni mo ń sọ gan-an? Èmi gan-an ni ìdánwò náà."

Jàfárù ní ìran òun pátá kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́.

Ìyáàfin Wòsílátù Ṣàíbù ló nawọ́. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ onílẹ̀ Ìgàndò ni, irú wọn kì í sì í gbọ̀n níwájú ẹni tó wá háyà ilé. Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni Oyèníran ń gbé. Ó fi pẹ̀lẹ́ sọ pé ìṣòro àwọn ọmọ náà kò fara sin. Wọn kì í ka ojú ìwé kan dópin. Ó bẹ ọ̀gá pé kó ṣí yàrá ìkàwé fún wọn, kí wọ́n fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kàwé lójoojúmọ́, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì máa kọ ohun tirẹ̀, ìbáà jẹ́ ìlà mẹ́ta. Yàrá ìkàwé yìí, ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti tì í, nítorí ibẹ̀ ni àwọn àmì-ẹ̀yẹ ọ̀gá wà, pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ mọ́kànlá tí kò rí ògiri gbé kọ́.

"Màdáàmù Ṣàíbù," ni Oyèníran wí, "ìwé kíkà ń jẹ àkókò. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé, ta ló mọ ibi tó máa kà á dé?"

Jàfárù bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ di ikọ́.

Ètò tí ọ̀gá gbé kalẹ̀ rèé. Àròkọ kan ṣoṣo ni gbogbo àwọn ọmọ náà yóò kọ́ sórí, àkọlé rẹ̀ ni "Aṣáájú Tí Kò Lẹ́gbẹ́". Ẹ ò ní bi mí ta ni aṣáájú náà. Ìyáàfin Ṣàíbù ni kó kọ ọ́, kó sì gbàgbé pé òun ló kọ ọ́. Ìyáàfin náà bi í pé bí ìbéèrè kò bá dá lórí aṣáájú ńkọ́. Ọ̀gá fi àánú wò ó. Ó ní ìlà àkọ́kọ́ ni ti olùdánwò, ìyókù ti òun ni. Kí wọ́n fi ìbéèrè sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n gbé òun kalẹ̀ sínú ilé. Bí wọ́n bá bi wọ́n nípa ìrìnàjò, kí wọ́n ní òun ni àwọn rin ìrìnàjò náà lọ kí. Bó bá jẹ́ ẹran ọ̀sìn, kí wọ́n ní ewúrẹ́ náà mọ òun dáadáa.

Ní ti ìwé kíkà, ó ní kò sídìí tí ènìyàn yóò fi ka nǹkan dópin. Ẹni tó gbọ́n, bó bá ka ìbẹ̀rẹ̀, ó ti mọ ibi tó ń lọ. Òun fúnra òun, láti ọdún tí òun ti di ọ̀gá, òun kò yí ojú ìwé padà rí, òun kàn ń buwọ́ lù ú ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ sápò. A óò nílò rẹ̀ láìpẹ́.

Wòsílátù kọ àròkọ náà bí ẹni tó ń fọ aṣọ onígbèsè. Oyèníran gbà á, ó fi ọ̀rọ̀ ìyìn mẹ́rìndínlógún kún un, ó tẹ òǹtẹ̀ sí i, ó sì buwọ́ lu ojú ìwé kọ̀ọ̀kan: "Láti ọwọ́ E. Oyèníran fúnra rẹ̀." Ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ gàgàrà, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri gbogbo kíláàsì àti ìta ọ́fíìsì. Ó tún fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Igbìmọ̀, kí wọ́n lè mọ irú ẹni tí wọ́n ń bá lò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi kọ́ ọ sórí. Ìṣirò dúró, ìmọ̀ ẹ̀dá dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀kànlénígba ló ń ké e lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, ohùn wọn sì ń ré ògiri kọjá. Àwọn aláṣọ funfun tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn fara ti ilé-ìwé náà rán ènìyàn wá bèèrè pé ẹ̀mí wo ni wọ́n ń kígbe pè bẹ́ẹ̀, kí àwọn lè mọ̀ bóyá ó yẹ kí àwọn kí i káàbọ̀ tàbí kí àwọn dè é mọ́lẹ̀. Inú Oyèníran dùn sí ìbéèrè náà fún odindi ọjọ́ mẹ́ta.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Aasiyah. Kò sí ohun tí ọmọ yìí kì í kà. Bó bá ra àkàrà, á ka ìwé tí wọ́n fi dì í kó tó jẹ ẹ́. Òun ló nawọ́ lọ́jọ́ kan lórí ìlà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni ó wí, "tí ìbéèrè bá ní ká kọ nípa nǹkan tó dùn wá ńkọ́?"

Oyèníran rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kí ló lè dùn yín, nígbà tí mo wà láyé?"

Jàfárù pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Igbìmọ̀ rán àwọn olùṣọ́ tiwọn wá, wọ́n lé gbogbo olùkọ́ jáde, wọ́n sì pín ìwé ìbéèrè. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ṣe dáhùn, èmi ló ń sọ ọ́ ní Yorùbá kí ó lè dùn létí yín. Ìbéèrè náà lọ báyìí: "Kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ tó wà ní ìlú òkèèrè. Ròyìn fún un nípa ẹnì kan tó kú ní àdúgbò yín. Sọ bó ṣe kú, àti irú ẹni tó jẹ́ nígbà ayé rẹ̀."

Àwọn ọmọ wo ìbéèrè, wọ́n wo òrùlé, wọ́n tún wo ìbéèrè. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ní lórí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi tò ó síbẹ̀ bí iṣu nínú àká, kò sì sí àyè fún ẹlòmíràn. Ẹ má bá wọn wí, ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni wọ́n ṣe: wọ́n fi ìbéèrè sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì gbé ọ̀gá kalẹ̀ sínú ilé. Ọmọ igba gbé gègé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n pa Oyèníran.

Aasiyah nìkan ni kò kọ nǹkan kan fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyá àgbà rẹ̀ ló kú nínú oṣù Ràmàdáánì, kò sì tíì rí ẹni tó lè sọ bó ṣe dùn ún tó fún nílé. Ó mọ̀ pé bí ọ̀gá bá gbọ́ pé òun kò lo àròkọ náà, ọ̀ràn dé. Síbẹ̀, ó kọ ti ìyá àgbà rẹ̀. Ó pa ìlà rẹ́, ó tún un kọ, omijé sì kán sí ibì kan nínú ìwé náà.

Jàfárù gba ẹ̀yìn fèrèsé yọjú. Kò rí ìbéèrè, ṣùgbọ́n orúkọ tó ń wá kò ṣòro rí. Ó sáré lọ bá ọ̀gá, ó ní ojú òun báyìí lòun fi rí i, orúkọ ọ̀gá ló kún inú ìwé gbogbo àwọn ọmọ, ọmọ kan tilẹ̀ ń nu imú bó ṣe ń kọ ọ́. Ọ̀gá mi orí. Ó ní ìfẹ́ máa ń ṣe àwọn ọmọdé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ Igbìmọ̀, ewé méjì tí wọ́n fi pín-ìnnì so pọ̀. Oyèníran jókòó, ó ka ewé kìn-ín-ní sókè kí Jàfárù lè gbọ́. Igbìmọ̀ ní àwọn mọ orúkọ ńlá tí Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran ní. Wọ́n ní àwọn kò tíì rí ilé-ìwé kan tí àwọn ọmọ ti fi ohùn kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ nípa ọ̀gá wọn báyìí rí, àti pé ẹkún ti gbọ̀n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń máàkì. Nítorí náà, àwọn aṣojú Igbìmọ̀ yóò wá sí ilé-ìwé náà lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, láti

Ibẹ̀ ni ewé kìn-ín-ní parí sí. Ẹlòmíràn ìbá yí i padà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ti sọ fún wa pé ẹni tó gbọ́n kì í ka nǹkan dópin. Ó gbé lẹ́tà náà sórí tábìlì, ó di ojú, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ parí rẹ̀: láti fi mí joyè.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè, wọ́n ta kánópì mẹ́ta. Wọ́n gbé àga ọ̀gá síta, wọ́n fi aṣọ pupa bò ó. Àwọn ọmọ tò sí ọ̀tún àti òsì láti ẹnu géètì. Àwọn aláṣọ funfun náà kó ara wọn jáde, wọ́n gbé orí lé ògiri bí ẹyẹ lékeléke. Oyèníran wọ agbádá tó le tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè tẹ̀ síwájú.

Ọkọ̀ àwọn aṣojú dé. Aṣọ dúdú ni gbogbo wọn wọ̀. Ìyáàfin Matilda, olórí wọn, gbé ìwé ńlá kan mọ́ àyà, ọkùnrin méjì tẹ̀ lé e pẹ̀lú òdòdó tí wọ́n hun rìbìtì. Oyèníran rí òdòdó náà, ó sì mọ ohun tó yẹ. Ó na ọrùn. Àwọn ọkùnrin náà gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá, wọ́n lọ fi òdòdó ti abẹ́ àwòrán rẹ̀ lára ògiri, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n sì tẹrí ba.

Ìyáàfin Matilda wá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ kú ìrọ́jú, bàbá. Ọlọ́run á dáwọ́ ibi dúró. Ẹ mà jọ ọ́ o. Ṣé ẹ̀gbọ́n olóògbé ni yín ni, àbí àbúrò?"

"Olóògbé wo?"

"Olóògbé Oyèníran."

"Màdáàmù, èmi ni Oyèníran."

Obìnrin náà wo àwòrán ara ògiri, ó wo ojú ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ó ti rí ohun tí ọ̀fọ̀ ń fi ojú ènìyàn rí. Ó ní kí bàbá jókòó díẹ̀, kí wọ́n bá a wá omi tútù. Oyèníran ní òùngbẹ kò gbẹ òun, ipò Alábòójútó lòun ń retí, lẹ́tà wọn wà lọ́wọ́ òun. Ó fa lẹ́tà náà yọ láti inú agbádá. Ìyáàfin Matilda gbà á, ó yí i sí ewé kejì, ó sì dá a padà fún un.

Oyèníran kà á. Ó ní: "láti wá bá yín kẹ́dùn ikú ọ̀gá yín. Òun ni à bá fi sí ipò Alábòójútó ká ní kò kú. Ní báyìí, a ti fi ipò náà fún ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Ìpájà."

Ẹ bá mi wo ojú ọkùnrin yìí. Pé òun kú kò tíì dùn ún. Àga ló rí, àga aláwọ tó ń yí po, tí ẹlòmíràn ń yí ní Ìpájà.

"Ẹ dá a padà," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Mo wà láàyè."

"Ó ti bọ́, sà. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti búra fún un. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í fi òkú joyè."

Ó bi wọ́n léèrè ẹni tó ní òun kú. Ìyáàfin Matilda ní kí wọ́n gbé àwọn ìwé ìdánwò wá látinú ọkọ̀, igba rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ìyìn tó wà nínú wọn, bákan náà ni. Ṣùgbọ́n àròkọ kò sọ bí aṣáájú tí kò lẹ́gbẹ́ ṣe máa kú, èyí nìkan ni àwọn ọmọ ní láti fi orí ara wọn rò, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n wọn ti là. Fawas ní ọ̀kadà ló já ọ̀gá sí kòtò ní Ìjẹ̀gùn, ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n tó rí fìlà rẹ̀. Rashidat ní ó ń yin ara rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó ń jẹ ẹja, egungun sì há a. Godswill ní ẹ̀yìn aṣọ fèrèsé ló ti ń retí oríkì keje tí ebi fi pa á kú. Ti Testimony ní àwòrán rẹ̀ ló já lulẹ̀ lé e lórí, wọn ò sì mọ èyí tí wọn ì bá sin nínú àwọn méjèèjì.

Àwọn ọmọ ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Lórí ògiri, aláṣọ funfun kan já bọ́ sápá ọ̀hún. Jàfárù rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ̀rín rẹ̀ wá láti inú.

Ojú Ìyáàfin Matilda nìkan ni kò tú ká. Ó ní bí ọ̀gá bá ti kú ni, ìyẹn yé òun. Bó bá wà láàyè, a jẹ́ pé igba ọmọ ló kọ ọ̀rọ̀ kan náà láti òkè dé ilẹ̀, ẹnì kan ló sì kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ta ni ẹni náà?

Jàfárù sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó ní òun kò mọ̀ nípa rẹ̀ o, ọ̀gá nìkan ló ń dá ọgbọ́n rẹ̀ gbọ́n. Oyèníran wò yíká, ó na ìka, ìka kan náà tó wà lára ògiri.

"Màdáàmù Ṣàíbù ló kọ ọ́."

Wòsílátù kò dìde. Ó wo ìta ọ́fíìsì, níbi tí àròkọ náà wà ní gàgàrà, tí òǹtẹ̀ àti orúkọ ọ̀gá sì wà ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ojú bá a lọ síbẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbàgbé pé èmi ni mo kọ ọ́, sà," ni ó wí. "Mo ti gbàgbé."

Ìyáàfin Matilda ní ọ̀rọ̀ náà kò le. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ Igbìmọ̀ pàápàá ní Oyèníran fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Bó bá mọ̀wé kọ tó bẹ́ẹ̀, kó jókòó, kó kọ ojú ìwé kan lójú gbogbo ènìyàn, kó ṣàlàyé bó ṣe jẹ́ pé ó wà láàyè. Wọ́n gbé àga ọmọ ilé-ìwé fún un. Orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, agbádá sì bo àga mọ́lẹ̀. Ó mú gègé. Ó wo ìwé funfun náà pẹ́, bí àwọn ọmọ ṣe wo tiwọn. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni àwọn ẹlòmíràn ti ń bá a kọ lẹ́tà, tí wọ́n ń bá a kọ ọ̀rọ̀ ìkíni, tí òun ń buwọ́ lù ú. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó ń yára, kò dúró mọ́ títí ó fi dé ìsàlẹ̀.

Ìyáàfin Matilda gbà á, ó kà á sókè. "Ọ̀gá Oyèníran jẹ́ aṣáájú tí kò lẹ́gbẹ́."

Ó fi bírò pupa kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: kò dáhùn ìbéèrè. Ó fi tirẹ̀ lé orí ti àwọn ọmọ, ó wá di ọ̀kànlénígba.

Lẹ́yìn náà ló yọ ìwé kan láti inú báàgì ara rẹ̀, ìwé tí íńkì ti tàn ká níbì kan. Ó ní ọ̀kan ṣoṣo yìí ló dáhùn ìbéèrè, kò sì bèèrè bóyá ọmọ náà fẹ́ kí òun kà á, ó kàn kà á ni. "Ìyá àgbà mi kì í parí ìtàn. Á ní ìyókù di ọ̀la, kí n lè tètè jí. Ọjọ́ tó kú, mo jókòó ti ẹní rẹ̀ títí wọ́n fi pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, torí mo ń dúró de ìyókù."

Ẹ̀rín tán nínú àgbàlá náà. Aasiyah tẹ orí mọ́lẹ̀. Oyèníran pàápàá gbé ojú sókè láti orí àga kékeré yẹn, ó sì wo ọmọ náà bí ẹni tó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́. Àánú ṣe mí fún un díẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín.

Ìyókù kò pẹ́. Igbìmọ̀ fagi lé ìdánwò náà fún ọmọ igba, wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn oṣù méjì. Wọ́n mú Oyèníran kúrò ní ilé-ìwé, wọ́n fi í sí yàrá kan tí wọ́n ń kó fáìlì àtijọ́ sí ní Ìkòtún. Jàfárù ń rẹ́rìn-ín fún ọ̀gá tuntun, mo sì gbọ́ pé ọ̀gá náà kì í dápàárá rárá. Wòsílátù ṣí yàrá ìkàwé. Wọ́n kó àwòrán mọ́kọ̀ọ̀kànlá jáde, àmì-ẹ̀yẹ onípákó ni wọ́n sì fi ń ti abẹ́ àwọn tábìlì tí ẹsẹ̀ wọn kúrú. Ó wúlò gan-an.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan kù fún Oyèníran. Orúkọ rẹ̀ ti kúrò láàárín àwọn òṣìṣẹ́ tó wà láyé. Kí wọ́n tó lè dá a padà, wọ́n ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá a padà pẹ̀lú bírò pupa: kò dáhùn ìbéèrè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wọ yàrá ìkàwé Ọgbọ́n-Ń-Tàn. Kò wọ agbádá. Àwọn ọmọ ń kàwé, ibẹ̀ dákẹ́, Aasiyah sì wà níwájú fèrèsé pẹ̀lú ìwé kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kò sẹ́ni tó fi oríkì méje kì í, ṣùgbọ́n wọ́n kí i. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìwé tí wọ́n fi ní kó kọ lẹ́tà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Màdáàmù Ṣàíbù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́."

Wòsílátù wò ó. Ó fa àga kan yọ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

"Mi ò ní bá yín kọ ọ́, sà. Ẹ jókòó, màá kọ́ yín. Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe sí mi létí."

Ó jókòó, ó wọ awò ojú, ó sì ka ojú ìwé náà láti òkè dé ilẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kà á tán, ó gbé e lé orí tábìlì, ó ń wo ojú obìnrin náà.

"Ẹ yí i padà, sà," ni Wòsílátù wí. "Ó kù lẹ́yìn."

Oyèníran sì yí i padà.